Ọjọ́ Mẹ́ta Lẹ́bàá Kànga

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó kí yín, torí mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n fi ìkíni gígùn dá ọ̀rọ̀ dúró. Ọ̀gá yín, Méjọ̀ tí ẹ wa ọkọ̀ fún nínú aṣálẹ̀, tó fi orúkọ yín nu bàtà rẹ̀, ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Ní àdúgbò Agbowó níbí ló ti há sí mi lọ́wọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi, lórí àga oníke tí ẹ máa ń jókòó sí nígbà tí ẹ bá wá gbé mi relé. Ẹ dárí jì mí tí mi ò pè é ní "wọ́n". Ẹ kọ́ mi pé àgbà làgbà ń jẹ́, bó ti wù kí ìwà rẹ̀ rí. Mo gbìyànjú, kò jáde lẹ́nu mi.

Ẹ kú ìsinmi o. Ọdún mẹ́rin ti kọjá tí a ti sin yín. Màámi ń kí yín. Orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ takisí yín wà lẹ́yìn ilé, mo kọ̀ kí wọ́n tà á.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi ọkọ̀ yẹn ṣe yín ní yẹ̀yẹ́? Gbogbo onítakisí tó ń ná Ring Road ló ń fọ ọkọ̀ láràárọ̀. Tiyín nìkan ni eruku máa ń bò, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ìka kọ ìkọkúkọ sí lára. Lọ́dún kan, ó ku ọ̀la Iléyá, mo pọn omi, mo po ọṣẹ, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Mo rò pé inú yín á dùn. Ẹ jáde, ẹ wo ọkọ̀, ẹ wo omi tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, ẹ sì padà wọlé láìsọ ohunkóhun. Ẹ ò jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ì bá sàn kí ẹ ti nà mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bútà tí ẹ fi ń ṣàlùwàlá, tó jẹ́ pé omi inú rẹ̀ kì í ju kí ẹyẹ fi wẹ̀ lọ. Ahun la rò pé ẹ jẹ́. Mo ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí, mo sì ń bẹ̀ yín fún gbogbo ẹ̀rín tí mo rín.

Ohun tí ayé mọ̀ nípa yín kò ju gbólóhùn kan lọ: dẹ́rẹ́bà tó ṣi ọ̀nà. Wọ́n rán àwọn sójà wa lọ sí ìlú aṣálẹ̀ kan láti lọ pa iná ìjà oníjà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ wá ká méjìlá nínú wọn mọ́ inú ilé alámọ̀ kan láàárín yanrìn, wọn ò lè jáde, omi wọn sì ń tán lọ. Wọ́n ní kí Méjọ̀ kó ọkọ̀ mẹ́fà lọ gbà wọ́n là. Ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ iwájú. Ìrìn ọjọ́ méjì ni, ọjọ́ kẹjọ lẹ débẹ̀. Kò sí ẹni tó dá yín lóhùn mọ́. Nígbà tí wọ́n jókòó láti wádìí, Méjọ̀ ní dẹ́rẹ́bà iwájú ló ṣi ọ̀nà. Wọ́n gbé ìwé fún yín, ẹ fọwọ́ sí i. Wọ́n bọ́ aṣọ ìjọba lọ́rùn yín, ẹ sì gbé àpótí kan ṣoṣo wá sílé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kí ló dé tí ẹ fi fọwọ́ sí i, Bàbá? Ìbọn ni wọ́n nà sí yín ni, àbí àárẹ̀ ló mú yín?

Ọ̀kan nínú àwọn méjìlá yẹn ni Bàbá Sàkírà, ọ̀rẹ́ yín, tí ẹ jọ wọ iṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà. Ìyàwó wọn, Ìyá Sàkírà, ń gbé ní Challenge. Lọ́jọọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ń bọ̀. Wọn á kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, wọn á kọjú sí ilé, wọn á bẹ̀rẹ̀: "Ẹni tó jẹ́ kí òùngbẹ pa ọkọ mi, òùngbẹ ò ní kúrò nílé ẹ̀ láé!" Mo mọ èpè yẹn sórí kí n tó mọ ìsodipúpọ̀ onímẹ́fà. Ẹ̀yin a dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ò sì ní jẹ́ kí àwa náà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí a sin yín, wọ́n wá. Wọn ò wọlé. Òdìkejì títì ni wọ́n dúró sí, wọ́n ṣẹ́ èpè náà délẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì yín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi búra. Mo ní bó pẹ́ bó yá, ẹni tó ni ẹ̀bi yìí á wá gbé e.

Àsìkò òjò tó kọjá ni Méjọ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti di Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé ńlá sí Bòdíjà. Ó dé fìlà funfun, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tí kò wúlò fún un dání. Ó gbé òkìtì ìwé tó fọwọ́ kọ ka orí tábìlì mi, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló júwe mi fún òun, pé n kì í ṣe àṣìṣe. Ìtàn ìrìn àjò aṣálẹ̀ ni. Mo ka orúkọ tó wà lókè, mo tún un kà. Kò mọ̀ mí. Ibo ni yóò ti mọ̀ mí? Ó dá mi lójú pé kò bi yín léèrè rí bóyá ẹ bímọ.

Mo ní kó jókòó. Mo fún un ní omi inú ọ̀rá, torí ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ó fa ìdajì mu, ó na ọwọ́ síta, ó da èyí tó kù sílẹ̀. Mo wo ibi tí omi náà dà sí títí ó fi gbẹ.

Òǹkọ̀wé ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Nínú ìwé rẹ̀, òun ló ń sáré síwájú, òun lojú rẹ̀ ń ríran jìnnà, òun ló sunkún lórí òkú àwọn ọmọ rẹ̀. Ojú ewé kan péré lẹ ní. Kò kọ orúkọ yín. "Dẹ́rẹ́bà kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò tó ọkọ̀ tí a fà lé e lọ́wọ́," bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn lédè òyìnbó. Ìka mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ. Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí ènìyàn jókòó ti ẹ̀rọ ara rẹ̀, kó máa tẹ èébú bàbá rẹ̀, kó sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì ìdánudúró wà níbi tó yẹ?

Àṣìṣe rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó fẹ́ kí ìwé náà ní àwòrán. Ó ní òun ya ojú ọ̀nà aṣálẹ̀ náà sínú ìwé kékeré kan lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kí n fi ẹ̀rọ gbé àwòrán náà sínú ìwé òun. Ó fi ìwé kékeré yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Aláwọ̀ ewé ni, yanrìn ṣì wà nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé àwòrán náà. Ó ti fi pẹ́ńsù fàlà sí ojú ewé mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìlà pẹ́ńsù kì í bo bírò mọ́lẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lójú ogun ló kọ síbẹ̀, ní kúkúrú kúkúrú.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ dé kànga kan ní ìdajì ọ̀nà. Kànga náà ti gbẹ. Wọ́n pè é lórí rédíò pé Jẹ́nẹ́rà òyìnbó kan fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá nínú hẹlikọ́pítà láti wo àwọn tó ń lọ ṣe ìgbàlà. Méjọ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ dúró. Ó ní kí ẹ fọ ọkọ̀, kí ẹ fi sítáàṣì sí aṣọ, kí ẹ lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́nẹ́rà kò dé, afẹ́fẹ́ da eruku bo ọkọ̀, ó ní kí ẹ tún un fọ̀. Àwọn méjìlá pè lórí rédíò pé omi wọn ku ti ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Lọ́jọ́ kẹta, òyìnbó náà balẹ̀. Kò lò ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu tíì lọ, ó yìn ín pé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó fò lọ. Ìgbà náà ni Méjọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka kẹ́ẹ̀gì omi tó kù, kò sì tó. Ẹ ní láti padà sẹ́yìn lọ pọn òmíràn. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn tó wà níwájú pè lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, wọn ò pè mọ́ lọ́sàn-án.

Ọ̀nà wo lẹ ṣì? Omi tí ẹ ń gbé lọ fún àwọn tí òùngbẹ ń pa, òun ni wọ́n fi ṣan táyà. Òun ni wọ́n fi po sítáàṣì. Ènìyàn méjìlá kú nítorí pé ọ̀gá ńlá ń bọ̀ wá kí ọ̀gá kékeré. A mọ irú ìwà yìí nílé. Bí gómìnà bá fẹ́ kọjá, wọ́n á kun òpó iná tí kò tàn láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n ń gbé e dé aṣálẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo sunkún. Lẹ́yìn náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n yí ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ padà. Mo ní rárá. Irọ́ lòun fi bò yín mọ́lẹ̀, mi ò fẹ́ fi irọ́ hú yín jáde.

Ẹ mọ òfin ṣọ́ọ̀bù mi. Mo kọ ọ́ sára ògiri: ẹni tó bá fọwọ́ sí i ló ni àṣìṣe rẹ̀. Nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, tí wọ́n bá gba òdo, wọ́n á ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní láti tẹ ìwé jáde tán, kí oníwèé kà á, kó sì fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kó tó lọ fún ìtẹ̀jáde. Mo wá rántí ohun tí ẹ sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, pé nínú iṣẹ́ sójà, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí láìkà á. Dẹ́rẹ́bà ló ń ka ìwé ọkọ̀ rẹ̀ dé ìlà ìsàlẹ̀, torí bí nọ́ọ̀tì kan bá sọnù, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n á fi dí i. Mo fi ẹ̀rọ ya àwòrán ojú ọ̀nà náà bó ṣe bẹ̀ mí. Mo ya ojú ewé mẹ́ta tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn, pẹ̀lú ìlà pẹ́ńsù àti gbogbo ẹ̀. Mi ò fi álífábẹ́ẹ̀tì kan lé e.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo ti ṣe ojo. Lójú ewé ọjọ́ kejì, gbólóhùn méjì kan wà níbẹ̀: pé dẹ́rẹ́bà iwájú fọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ, òun sì yìn ín lójú gbogbo wọn, àti pé rédíò ń dún nínú ọkọ̀ bó ṣe ń nu táyà, dẹ́rẹ́bà náà pe òun Méjọ̀ pé kí òun wá gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun sì ní kó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ná. Kò kọ ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ó hàn pé ẹ parí rẹ̀.

Mo gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi bo gbólóhùn méjì yẹn, mo ya àwòrán rẹ̀. Ẹ mọ́ nínú ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti wo ìlà pẹ́ńsù rẹ̀, màá wo bébà mi, mi ò sì rí ìyàtọ̀ kankan láàárín èmi àti òun. Lọ́jọ́ kẹta mo ṣí bébà náà kúrò. Inú yín bí mi lọ́jọ́ yẹn, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kí ló dé tí ẹ ò ju àkísà yẹn nù? Kí ló dé tí ẹ ò kàn ṣíná ọkọ̀, kí ẹ máa lọ?

Ó wá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Tuesday. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó sáìn o."

"Ta ló kọ ọ́, máí díà? Ṣé kì í ṣe èmi ni? Mú bírò ẹ wá jàre."

"Ó yẹ kẹ́ ẹ kà á, sà. Òfin ibí ni."

"Ọmọ yìí ti wàhálà jù! Mo ti sáìn ohun tó ju èyí lọ láyé mi."

Mo gbà pé òtítọ́ lèyí tó sọ kẹ́yìn. Fóònù ló ń wò. Ó fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, títí kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, kò tilẹ̀ dúró mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan ní Bòdíjà ló ti fi ìwé náà hàn fáyé, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìtẹ̀jáde. Ó pe ẹbí àwọn méjìlá náà, ó kó wọn jókòó sí ìlà iwájú kí àwọn oníròyìn lè yà wọ́n. Ìyá Sàkírà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn funfun. Kò pe àwa. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí bí ẹni tó tẹ ìwé, mo gbé fáìlì lé itan. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní kó yẹ ìwé náà wò, àwọn tíṣà àtijọ́ kì í sì í fo ojú ewé. Ó dé ibi àwòrán, ó ní ẹ wo bí òǹkọ̀wé ṣe jẹ́ olóòótọ́ tó, ẹ wo ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ láti ojú ogun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ó dé ibi sítáàṣì kó tó mọ ohun tó ń kà. Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú.

"Ẹ máa kà á lọ." Ìyá Sàkírà ni.

Ó kà á tán. Ó ka gbólóhùn méjì tiyín pẹ̀lú.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fò dìde. "Ta ló fi rọ́bíìṣì yìí síbẹ̀? Ta ni?"

Mo dìde lẹ́yìn, mo gbé fáìlì sókè. "Ẹ̀yin ni, sà. Ìfọwọ́sí yín rè é." Mo wá sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Mo pe orúkọ yín, orúkọ àbísọ, orúkọ mùsùlùmí, orúkọ ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo orúkọ tí kò rí àyè kọ. Inú mi dùn, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ó wá rí ìlò ọ̀pá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á jáde. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń kó ìwé náà padà kiri, ṣùgbọ́n mo ti pín in fún ìdílé kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́yà rẹ̀ kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ sí mi. Fọ́tòkọ́pì ìfọwọ́sí rẹ̀ ni mo fi dá a lóhùn. Mo gbọ́ pé kì í jáde nílé mọ́. Kó jókòó síbẹ̀.

Mo wá ń retí Ìyá Sàkírà. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń lá àlá ọjọ́ tí wọ́n máa wá bẹ̀ yín. Wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Wọ́n kúnlẹ̀ sí ibi tí wọ́n máa ń kúnlẹ̀ sí. Màámi sá wọ yàrá. Èmi jáde lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn.

"Ìwọ lo tẹ ìwé yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Èyí tó kan bàbá ẹ níbẹ̀, o ò bá ti yọ ọ́ kúrò."

"Mo fẹ́ yọ ọ́, mà. Mo ti bò ó tẹ́lẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣépè yìí. Mi ò kó o kúrò o. Mo kàn pín in sí méjì ni. Ìdajì ti lọ sí Bòdíjà. Ìdajì yòókù, ti bàbá ẹ ni. Ó gbọ́ ohùn ọkọ mi, ó ń nu táyà."

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, Bàbá. Pé iṣẹ́ sójà ni, pé àṣẹ ni, pé ẹ ò mu ife omi kan tán rí láti ọjọ́ náà. "Ẹ ṣé, mà," nìkan ni mo sọ. Mo fà wọ́n dìde, wọ́n gbọn yanrìn orúnkún wọn nù, mo sì bá wọn dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Ìdajì ni mo rí gbà kúrò lọ́rùn yín. Mo ti lo gbogbo agbára mi.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì dárí ji ẹnì kankan nínú ẹ̀yin àti Méjọ̀ yín.